Bí Àràmídé Ṣe Sọ Ọnà Mẹ́tàdínláàádọ́ta Nù

Ẹni tó ni ìtàn yìí ló ní kí n kọ orúkọ òun síbẹ̀ gbangba. Mo sọ fún un pé, "Ọmọ mi, a máa ń pààrọ̀ orúkọ èèyàn níbí o." Ó ní kí n má ṣèyọnu, àṣírí òun ti tú tán, kí ló tún kù tí òun ń bò? Ó dáa náà. Àràmídé lorúkọ ẹ̀.

Tí ẹ bá kà á tán, ẹ bú u díẹ̀, ẹ má bú u jù. Ó ti bú ara ẹ̀ ju bí ẹ ṣe lè bú u lọ.

Àgùdà, ní Surulere, ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Tíṣà ni ìyá ẹ̀, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì pọ́ńbélé, obìnrin tó jẹ́ pé tó o bá mú kóró ṣúgà kan nílé ẹ̀ láìtọrọ, wàá gbọ́ ìwàásù ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Bí irú ìyá bẹ́ẹ̀ ṣe wá bí ọmọ tó ṣe irú nǹkan yìí, ẹ má bi mí.

Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Yaba ni Àràmídé ti ń kọ́ iṣẹ́ ọnà orí kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ni òun àti Aneesah ti di ọ̀rẹ́. Ọmọ Mushin ni Aneesah. Láti ọdún kìíní ni wọ́n ti jọ ń jókòó pọ̀, wọ́n sì jọ ń fi ṣíbí kan jẹ ìrẹsì. Tó o bá rí ọ̀kan tí o ò rí èkejì, wàá béèrè pé ṣé kò sí o.

Bàbá Aneesah ń jẹ́ Tìrìmísíyù, òun gan-an sì lọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Ogójì ọdún ló fi ṣe ọnà sí ọrùn àti àyà agbádá ní Mushin. Bó ṣe ń ṣe é nìyí: á fi bírò ya ọnà sórí bébà, á tẹ́ bébà lé aṣọ, á fi ẹ̀rọ ran òwú gba orí ẹ̀. Tó bá parí, á fa bébà yẹn ya dànù. Agbádá á lọ sílé olówó, bébà á lọ sórí ààtàn. Kò sí ìwé kankan tó o lè ṣí láyé yìí pé iṣẹ́ Tìrìmísíyù rèé, àfi àpótí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó ń kó ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan pamọ́ sí.

Gbogbo ọnà yẹn ló ní orúkọ. "Ọ̀gbàrá Ìdí-Àràbà" ni èyí tó yà lọ́dún tí omi wọlé bá wọn. "Aneesah Rìn" ni èyí tó yà lọ́sẹ̀ tí ọmọ ẹ̀ kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. "Ṣìdíkátù Rẹ́rìn-ín", ti ìyàwó ẹ̀ tó ti kú nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, bàbá ṣèèṣì ran apá méjèèjì agbádá oníbàárà kan pọ̀ mọ́ra wọn. Ṣìdíkátù rí i, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá ní òun wá ya ẹ̀rín náà.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ojú bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Dókítà ní èyí tó bá ti lọ nínú ẹ̀ kò lè padà mọ́. Lọ́dún yẹn kan náà, òjò gba inú páànù wọlé, ó ba àpótí jẹ́. Bébà di ẹ̀kọ.

Aneesah ò sunkún. Ó ṣa èyí tó ṣì ṣeé rí, ó kó o síwájú kọ̀ǹpútà, ó jókòó ti bàbá ẹ̀ tó ṣì ń rí fìrífìrí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún wọn yà ní ìlà kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá, ṣé ibí ló ti yí?"

"Rárá o. Ó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹ̀n-ẹ́n. Ibẹ̀ yẹn."

Ọdún méjì gbáko. Ọnà mẹ́tàdínláàádọ́ta. Nígbà tí wọ́n máa fi ya èyí tó kẹ́yìn tán, ojú bàbá ti lọ pátápátá. Ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ló kù nínú iṣẹ́ ogójì ọdún. Òun náà ni Aneesah sì fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá ẹ̀ nílé ìwé.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń kọ́ irú iṣẹ́ yìí á ti mọ̀ pé sọ́fítíwià tí wọ́n fi ń ṣe é wọ́n bí ojú. Owó oṣù kan ẹ̀ ju owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Èyí tí ọ̀pọ̀ wọn ń lò ni èyí tí àwọn ọmọ ìta já kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó máa ń dákú láàárín iṣẹ́, táá sì gbé iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ni ojúlówó ní iye tó rọjú tí wọ́n ń tà á fún akẹ́kọ̀ọ́. Lọ́dún tó kẹ́yìn, ẹ̀ka àwọn Àràmídé rí àyè ogún gbà ní iye yẹn. Ogún péré, fún akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní ọgọ́rin! Wọ́n ní àwọn tí iṣẹ́ àṣekágbá wọn dáa jù làwọn máa fún.

Orúkọ Aneesah ni ìkẹta lórí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Àràmídé ka ìwé yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún kà á láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Orúkọ tiẹ̀ ò sí níbẹ̀.

Aneesah fà á lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Mú ọwọ́ ẹ wá."

Ó yọ bírò, ó kọ pásíwọ̀dù ẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ Àràmídé.

"Ẹ̀rọ méjì ni wọ́n fàyè gbà. Èmi kan, ìwọ kan. Àràmídé, jọ̀ọ́, má fún ẹnikẹ́ni o. Tí wọ́n bá rí ẹ̀rọ kẹta, wọ́n á tì í ni."

"Ṣé mo jọ ẹni tó máa fún èèyàn ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Torí iṣẹ́ bàbá mi tó máa wà níbẹ̀ ni mo ṣe ń sọ ọ́."

Àràmídé fúnra ẹ̀ ló tún gbà á níyànjú pé kó kó gbogbo ọnà yẹn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí sọ́fítíwià yẹn ti ń bá èèyàn tọ́jú nǹkan. Lápútọ́ọ̀pù Aneesah ti gbó, kò láyè mọ́. "Fúláàṣì máa ń bàjẹ́," ló sọ fún un. "Kó o sójú kan, kó o sinmi." Aneesah gbọ́ràn. Ó kó gbogbo ẹ̀ síbẹ̀, ó pa èyí tó wà lórí lápútọ́ọ̀pù rẹ́ kí àyè lè wà.

Ibi tí mo bá a dé yìí, Àràmídé fọwọ́ bojú. Mo ní kó máa sọ ọ́ lọ jàre.

Ó ní ibì kan tó máa ń lọ lẹ́yìn ilé ìwé, ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé Ẹ̀gbọ́n Gbádé ní Ìpọ̀nrí. Kàlẹ́ńdà, báńnà àti ìwé ìléwọ́ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ẹnu Ẹ̀gbọ́n Gbádé, ẹ ò tíì gbọ́ irú ẹ̀. Tó bá ní kó o bọ́ bàtà ẹ fún òun, wàá tún bá a nù ún.

Lọ́jọ́ kan, ó ju káàdì kékeré kan síwájú Àràmídé.

"Ka ohun tó wà níbẹ̀ sí mi létí."

Orúkọ ara ẹ̀ ló rí. Lábẹ́ ẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé: Olórí Ẹ̀ka Ọnà.

"Ẹ̀gbọ́n! Èmi?"

"Ìwọ kẹ̀. Ọjọ́ tó o bá jáde nílé ìwé, tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn, tìẹ ni. Mélòó nínú àwọn ẹgbẹ́ ẹ ló máa rí iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn?"

Orí Àràmídé wú. Ẹni tí wọn ò kọ orúkọ ẹ̀ sára ògiri, wọ́n wá tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì. Ó ní òun fi káàdì yẹn sínú Bíbélì òun, kí ó má baà ká.

"Wàhálà kan ṣoṣo ló wà," ni Ẹ̀gbọ́n Gbádé sọ lọ́jọ́ kejì. "Sọ́fítíwià tí à ń lò yìí ń dákú bí ọmọ oníwárápá. Mo gbọ́ pé ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ní ojúlówó."

"Kì í ṣe tèmi, Ẹ̀gbọ́n. Ti ọ̀rẹ́ mi ni. Ó ní kí n má fún èèyàn."

"Ṣé mo ní kó o jí i ni? Wáyà tẹlifíṣàn àdúgbò yín ńkọ́? Ẹnì kan ló ń sanwó, ilé mẹ́rin ló ń wo bọ́ọ̀lù. Ta ló tíì kú?"

Àràmídé rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni. Nílé wọn gan-an, wáyà tó wọlé láti ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni wọ́n fi ń wo tẹlifíṣàn. Àwa ará Èkó mọ̀ pé ẹni tó ní nǹkan kì í dá a lò, ta ló fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ahun? Ṣùgbọ́n ó ṣì sọ pé rárá. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi sọ pé rárá, ẹ jẹ́ ká fún un níyẹn.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó wọlé, ó bá ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Beulah lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

"Ẹ̀gbọ́n, ta nìyẹn?"

"Mo kàn ń dán an wò ni. Ó ní òun ní ọ̀nà tí òun fi lè rí ojúlówó."

Àràmídé dúró síbẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn orí Beulah. Lẹ́yìn náà, ó súnmọ́ kọ̀ǹpútà, ó tẹ pásíwọ̀dù yẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àfi bíi pé ó ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀.

"Ẹ̀rọ kan péré o, Ẹ̀gbọ́n."

"Ọmọ dáadáa. Beulah, dìde níbẹ̀ yẹn."

Ẹ̀rọ kan péré di mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kó tó di ìparí oṣù, ọ̀rẹ́ Gbádé kan ní Iganmu ti ń lò ó, ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ náà ti ń lò ó. Àràmídé ò mọ iye wọn mọ́.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ dé sínú ímeèlì Aneesah. Pásíwọ̀dù yẹn náà ló ṣí ímeèlì, Àràmídé ló sì kọ́kọ́ rí i. Àwọn oní-sọ́fítíwià ní àwọn rí ẹ̀rọ tó pọ̀ jù lórí orúkọ yìí, kí ẹni tó ni ín jọ̀ọ́ wá ṣàlàyé.

Aneesah wà ní ọsibítù pẹ̀lú bàbá ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ojú ń ro bàbá. Àràmídé ní òun ò fẹ́ fi wàhálà kún wàhálà ẹ̀. Háà, Àràmídé! Ó pa lẹ́tà náà rẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti ń kìlọ̀ o."

"Ẹ̀rọ ló kọ ọ́, kì í ṣe èèyàn. O ti rí ibi tí ẹ̀rọ ti mú èèyàn rí?"

Lẹ́tà kejì dé. Ó pa ìyẹn náà rẹ́. Lọ́sẹ̀ yẹn ló wọ ṣọ́ọ̀bù, tó bá Gbádé tó ń wo "Aneesah Rìn" lórí kọ̀ǹpútà. Ó tóbi, ó kún ojú ẹ̀rọ láti etí dé etí, ìlà tín-ín-rín méjì tí wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹsẹ̀ ọmọ tó ń kọ́ ìrìn.

"Ta ló ya nǹkan tó dáa tó báyìí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan ìyẹn. Ti bàbá ọ̀rẹ́ mi ni."

"Ṣé orúkọ bàbá náà wà lára ẹ̀ ni? Oníkẹ́míìsì kan ní Mushin fẹ́ kàlẹ́ńdà ọdún tuntun. Ìwọ ni Olórí Ẹ̀ka Ọnà. Jókòó, bá mi fi orúkọ kẹ́míìsì ẹ̀ sí i láàárín. Màá tẹ orúkọ tìẹ sí ìsàlẹ̀, kí ayé mọ̀ ẹ́."

Ó jókòó. Kò sẹ́ni tó yọ pàṣán sí i. Ó fi lẹ́tà pupa gàdàgbà kọ orúkọ kẹ́míìsì gba àárín ọnà náà kọjá. Nígbà tí kàlẹ́ńdà jáde, tó rí orúkọ ara ẹ̀ nísàlẹ̀, ó ní kí n má parọ́ fún yín: inú òun dùn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó dùn.

Lẹ́tà kẹta ò gùn. Wọ́n ní àwọn máa ti orúkọ náà pa, àwọn sì máa nu gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n fún onínǹkan láti fi kó ẹrù ẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá, ẹ̀yin èèyàn mi! Ká ní ó pe Aneesah lọ́jọ́ yẹn, ìjà á ṣẹlẹ̀, ẹkún á wà, ọ̀rẹ́ á bàjẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ bàbá á wà láàyè. Ó di fóònù mú, ó fi í sílẹ̀. Ó ní Aneesah á béèrè pé kí ló fà á, kí lòun máa sọ?

Ó wá gbèrò tiẹ̀. Òun fúnra òun á kó àwọn ọnà náà ní ìkọ̀kọ̀, á kó wọn sí fúláàṣì, tí ọ̀rọ̀ bá wá bẹ́, òun á ní ẹ wò ó, mo ti tọ́jú ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Fáìlì yẹn tóbi, kò tíì kó ọ̀kan tán tí dátà fi tán. Ó ní ó di ọ̀la. Nígbà tí ọ̀la dé, Gbádé gbé iṣẹ́ báńnà dé pé oníbàárà ń dúró. Ó ní ó di ọ̀túnla. Ìdánwò wọlé. Ó ní ó di ìparí ọ̀sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èèyàn ṣe ń fi ọ̀la tan ara ẹ̀ jẹ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù ẹ̀ dún.

"Àràmídé, ó ní òun ò mọ̀ mí."

"Ta ni ò mọ̀ ẹ́?"

"Sọ́fítíwià. Mo tẹ orúkọ mi, ó ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àràmídé, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Mi ò rí ọnà bàbá mi."

Àràmídé gbé fóònù lọ sí etí kejì.

"Má bínú sí mi," ni Aneesah wí. "Mo mọ̀ pé iṣẹ́ tìẹ náà wà níbẹ̀. Ó ní láti jẹ́ pé mo tẹ nǹkan tí kò yẹ. Jọ̀ọ́, má bínú."

Ẹ gbọ́ o! Ẹni tí wọ́n jà lólè ló ń bẹ olè.

Wọ́n jọ lọ bá olùkọ́ wọn, Mísìs Adéríbigbé. Ìyẹn kọ̀wé sí àwọn oní-sọ́fítíwià. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, ó pe àwọn méjèèjì wọ ọ́fíìsì, ó ka èsì sí wọn létí. Ẹ̀rọ mẹ́sàn-án ló lo orúkọ Aneesah. Wọ́n fi lẹ́tà mẹ́ta kìlọ̀, wọ́n sì fún un ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti kó ẹrù ẹ̀. Wọ́n ti nu gbogbo ẹ̀, kò sì sí ọ̀nà tí ó fi lè padà.

"Ẹ̀rọ mẹ́sàn-án kẹ̀?" ni Aneesah pariwo. "Wàláì, Mà, ẹ̀rọ méjì ni! Mi ò rí lẹ́tà kankan!"

"Aneesah, ohun tí wọ́n kọ ni mò ń kà yìí. Wọ́n ní tí ẹ̀ka wa ò bá gbé ìgbésẹ̀, àwọn máa gba àyè ogún padà lọ́wọ́ gbogbo yín. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

Wọ́n yọ orúkọ Aneesah kúrò lára àwọn tó máa gbèjà iṣẹ́ wọn níwájú àwọn olùkọ́ lọ́dún yẹn. Wọ́n ní kó lọ ṣe iṣẹ́ mìíràn, kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Àràmídé dúró tì í níbẹ̀, ó di apá ẹ̀ mú, ó ń sọ pé, "Ó máa dáa, ó máa dáa." Òun fúnra ẹ̀ ní ẹ̀dà iṣẹ́ tiẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀, ó sì gbèjà ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Oṣù kìíní ọdún wọlé. Aneesah lọ ra oògùn ojú bàbá ẹ̀ ní kẹ́míìsì òpópónà wọn. Ó ń dúró de ṣéńjì ni ojú ẹ̀ lọ sára ògiri.

Ọjọ́ ìsinmi ni, Àràmídé àti ìyá ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń jẹun ní pálọ̀ wọn ní Àgùdà. Aneesah kan ilẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá Àràmídé dáadáa, "Ẹ káàsán, Mà." Ìyá ní kó wá jẹun. Aneesah tú kàlẹ́ńdà tó ká, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì láàárín abọ́ ìrẹsì àti omi.

"Àràmídé, ka ohun tó wà nísàlẹ̀ sí mi létí."

Ìrẹsì wà lẹ́nu Àràmídé.

"Kí ló wà níbẹ̀?" Ìyá ẹ̀ wọ jíígí, ó sì bá wọn kà á. "Gbádé Atẹ̀wé, Ìpọ̀nrí. Ọnà láti ọwọ́ Àràmídé, Olórí Ẹ̀ka Ọnà." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Háà, Àràmídé, o ò fi hàn mí! Ó mà rẹwà o."

"Bàbá mi ló yà á, Mà," ni Aneesah wí. "Ọjọ́ márùn-ún ló fi yà á. Èmi ni mò ń rìn níbẹ̀ yẹn."

Ẹ̀rín kú lójú ìyá.

"Wọ́n ní àwọn kọ lẹ́tà mẹ́ta sí mi," ni Aneesah tún sọ. Ohùn ẹ̀ ò ga rárá. "Ta ló rí i?"

Àràmídé wo abọ́ ẹ̀.

"Dá a lóhùn," ni ìyá ẹ̀ wí.

"Èmi ni. Mo pa á rẹ́."

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"Èyí tí wọ́n ní ká wá kó ẹrù wa ńkọ́?"

"Mo fẹ́ bá ẹ kó o, Aneesah. Dátà mi ló tán. Mo ní tó bá di ọ̀la—"

"Dátà." Aneesah ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ. "Dátà. Ọjọ́ tí mo ní kó o má bínú sí mi, Àràmídé, o mọ̀. O gbọ́ mi, o dákẹ́."

Kò bú u, kò sì nà án. Ó ká kàlẹ́ńdà ẹ̀, ó kí ìyá Àràmídé pé ó dàbọ̀, ó jáde. Ìyá ò wàásù lọ́jọ́ yẹn. Ó kó abọ́, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Àràmídé ní ká ní ó wàásù ni, ìbá sàn.

Ó sáré lọ bá Gbádé bóyá ó ṣì ní ẹ̀dà kankan. Gbádé ní orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ẹ̀ wà, òun náà ti pàdánù iṣẹ́ oníbàárà méjì níbẹ̀, ta ló máa san án fún òun? Fáìlì kàlẹ́ńdà yẹn náà, wọ́n ti nù ún lẹ́yìn tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tán. Beulah ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kò gbójú sókè.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka èyí, ẹ máa ní kí n fún yín ní ẹ̀kọ́. Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Ohun tí ọ̀rẹ́ bá kọ sí ọ lọ́wọ́, kì í ṣe wáyà tẹlifíṣàn. Tó o bá ti ṣe é, lọ jẹ́wọ́ lónìí, kí ọ̀la tó dé. Ìyẹn ni mo mọ̀. Kò ràn Àràmídé lọ́wọ́ mọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá ẹ̀ mú un lọ sí Mushin láti lọ bẹ̀bẹ̀. Bàbá Tìrìmísíyù jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀ tí kò sí aṣọ lórí ẹ̀. Ilẹ̀kùn yàrá Aneesah wà ní títì. Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀.

"Ọmọ Àgùdà nìyẹn," ni bàbá wí kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. "Mo mọ ìrìn ẹ. Mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀."

Àràmídé bú sẹ́kún.

"Má sunkún sí mi létí. Etí ló kù fún mi."

"Ẹ foríjì í, Bàbá," ni ìyá ẹ̀ ń bẹ̀. "Ẹ ṣàánú. Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ fún yín."

"Mo ti foríjì í. Kí ni màá fi ìbínú rà? Ẹ̀bẹ̀ ti tó, Mà. Ọmọ, mú ọwọ́ ẹ wá."

Ó na ọwọ́ fún un. Bàbá wá àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ títí ó fi rí i, ó là á, ó fi ìka kan lé e.

"Mo kàn fẹ́ wò ó bóyá mo ṣì mọ̀ ọ́n. Ṣìdíkátù Rẹ́rìn-ín. Ibí ló ti bẹ̀rẹ̀." Ìka ẹ̀ gòkè, ó rọra tẹ̀, ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó tún yí po. Ojú bàbá ń tàn. Ó wá dúró.

Ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó gòkè, ó tẹ̀, ó yí po, ó tún yí po. Ojú kan náà ló dúró sí.

"Aneesah!" ló pe sínú yàrá. "Lẹ́yìn tó bá yí po lẹ́ẹ̀kejì, ṣé òkè ló ń lọ àbí ìsàlẹ̀?"

Ohùn Aneesah jáde látinú yàrá.

"Mi ò rántí, Bàbá."

Bàbá ò gbé ìka ẹ̀ kúrò. "Kò burú," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ ná. Bóyá á wá sí mi lọ́kàn."

Àràmídé na ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀ fún un. Wọ́n dúró títí wọ́n fi pe ìrun Alásàrí. Kò wá.